Àdògán Àlòkù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta, Tuntun Alápòótí, àti Ààrò Amọ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Sí Ẹ̀yìnkùlé?

Látìgbà tí gáàsì ti wọ́n, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í dá mi dúró lọ́jà bi mí pé irú àdògán wo ni kí òun rà sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan fẹ́ máa fi se ẹ̀wà àti ẹran tó ń pẹ́ lórí iná, kí gáàsì inú ilé lè pẹ́ kó tó tán. Àwọn kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ títà. Iṣẹ́ alásè ni èmi ń ṣe n'Íbàdàn, ó ti lé ní ogún ọdún, mo sì ti dáná lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ fi wéra yìí: ààrò amọ̀ tí ìyá mi mọ sẹ́yìn ilé wa, àdògán tuntun alápòótí tí mo fi ₦18,000 rà lọ́wọ́ wẹ́dà ní 2019, àti àdògán àlòkù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ṣì ń lò títí di òní.

Èyí tí mo ń pè ní alápòótí ni èyí tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó pọ̀ bí àpótí, ẹnu wà níwájú rẹ̀ tí à ń ki igi sí, ẹsẹ̀ mẹ́rin wà lábẹ́, wọ́n á sì fi ọ̀dà fàdákà kùn ún kó lè máa dán. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àtijọ́ kò ní àpótí kankan. Òrùka irin kan ni, ó nípọn tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó parí. Àwọn wẹ́dà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́, nítorí irin tó ń gbà pọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà alásè tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ni ẹ ó ti rí i. Ààrò amọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

N kò ní máa sọ pé iná igi ń mú ìkòkò dúdú, tàbí pé ọbẹ̀ orí igi ń dùn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Lọ́jọ́ tí mo lọ ra alápòótí, wẹ́dà gbé e síwájú mi, ó gun orí rẹ̀, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, ọdún mẹ́wàá ni." Mo gbà, torí ojú mi ló ṣe. Ohun tí n kò rò ni pé irin tútù ló gùn. Irin tútù àti irin tí iná ti ń jó láti àárọ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí irin bá gbóná tó 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ á ti dín sí nǹkan bí ìdajì èyí tó ní nígbà tó tutù. Iná igi tó jó dáadáa lè mú irin dé ibẹ̀. Èyí tó nípọn ṣì máa ní agbára tó kù tó lè gbé ìkòkò; pẹlẹbẹ ò ní, torí kò fi bẹ́ẹ̀ ní i tẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹta tí mo rà á ni wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó kan l'Ọ́yọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n fún wa pé ká ti dáná, ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré lára mẹ́rin ló kan ilẹ̀, mo wá fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ti ẹ̀kẹrin nídìí, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ọbẹ̀ ata ni mo gbé kaná. Mo ti dín ata náà, òróró ti lé sókè, ẹran ewúrẹ́ méjì ti wọ inú rẹ̀. Iná ti jó tó bíi wákàtí mẹ́ta nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, "kàù", bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún. Ojú ibi tí wọ́n ti jó ẹsẹ̀ mọ́ àpótí ló já. Àpótí tẹ̀, ìkòkò fì sọ́tùn-ún, ìdajì ọbẹ̀ dà sínú iná, òróró sì gbiná. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fò sẹ́yìn, àmọ́ ó ti ta sí i lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà nílé. Èmi ni mo san owó ilé ìwòsàn, ó sì tọ́ kí n san án, torí èmi ni mo gbé e síbi iná yẹn. Ẹran, ata àti òróró tí mo sáré lọ rà kí àlejò tó jókòó ju gbogbo owó iṣẹ́ tí wọ́n san fún mi lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi: ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ìgbà tí ẹbí bá ń jà ló máa ń pa á, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan lásán ni. N kò rò ó rí pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ìdí ààrò ló wà, ọbẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀.

Ohun tí òwe yẹn ń sọ rèé. Ẹ gbé nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kan ilẹ̀. Ó lè dagẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò ní máa mì. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, àfi kí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kò bá tẹ́, ẹsẹ̀ kan á wà lókè, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ń ro nǹkan nínú ìkòkò ni yóò máa mì síwá sẹ́yìn. Mímì yẹn ló ń jẹ ojú jíjó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já. Àmàlà ló burú jù fún un. Ẹni tó bá ti ro àmàlà ọgọ́rùn-ún èèyàn mọ̀ pé kì í ṣe apá nìkan ló ń rò ó. Ẹ̀yìn, ìbàdí, gbogbo ara ló ń bá omorogùn lọ, ẹnìkejì á sì fi igi di etí ìkòkò mú kó má baà yí. Agbára yẹn kò lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Àdògán tí wẹ́dà fò lé lórí lè fara da èyí tó wá látòkè, kó má sì lè fara da ti ẹ̀gbẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má gùn ún. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, kí ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ gidigidi, lọ sọ́tùn-ún, bọ̀ sósì, bí ẹni ń fa òpó ilé tu. Bí ẹsẹ̀ kan bá dáhùn, ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara rẹ̀. Ó yẹ kí ojú jíjó náà yí ẹsẹ̀ ká láìjá níbì kan. Nígbà tí mo ha ọ̀dà kúrò lára tèmi lẹ́yìn tó já, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n ti jó o, ojú kékeré méjì bí ẹyọ àgbàdo, ọ̀dà fàdákà sì bò ó. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dà tuntun kì í dùn mọ́ mi lójú. Ẹ ní kí ó fi ọ̀bẹ ha á kí ẹ lè rí i. Bí kò bá gbà, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ẹ tún fi òkúta gbá a. Irin tó nípọn á dún bí agogo, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó kú. Irin pẹlẹbẹ á dún bí agolo mílíìkì.

Bí ẹ ṣe máa ra àlòkù láìjìyà

Àlòkù náà ní tirẹ̀. Ìpẹtà kì í ṣe àléébù títí yóò fi jẹun wọnú, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ibi tó pọ́n jù: bí èèpo rẹ̀ bá ń bọ́, tí irin dídán sì wà lábẹ́, kò sí ewu. Bí ọ̀bẹ bá ń wọlé, ẹ fi sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò ó, torí ibẹ̀ ló ń wà nínú eérú, eérú sì máa ń gba omi mọ́ra, ó ń di í mú sára irin.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi irin dídà ṣe, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà, kì í ṣe èyí tí wọ́n jó pọ̀. Wọ́n wúwo, wọ́n lágbára, àmọ́ bí irú rẹ̀ bá ti là níbì kan, ẹ má rà á pé ẹ ó lọ jó o. Irin dídà kì í gba jíjó bọ̀rọ̀, ojú lílà náà á tún ṣí níjọ́ tí iná bá mú un.

Ọwọ́ ìyá alásè kan n'Ísẹ́yìn ni mo ti ra tèmi, nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró ti iná mọ́. Mo ní, "Ìyá, èló lẹ fẹ́ gbà?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kọ́kọ́ gbé e ná." Mo fi ọwọ́ kan gbé e, kò kúrò nílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dìgbà tí mo bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà ká tó sọ̀rọ̀ owó. ₦22,000 ni mo san. Orí òrùka rẹ̀ ti dán níbi mẹ́ta tí ìdí ìkòkò ti ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́, ó dán bí etí owó ẹyọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi okùn wọn ibi dídán àti ibi tí kò dán, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́ta ti jẹ díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo fi ẹ̀là bíríkì gbé e, kò sì mì rí.

Igi tí wọ́n ń jẹ

Níbí, òótọ́ ni kí á sọ: alápòótí ló borí. Àpótí rẹ̀ ń di iná mọ́ ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò sì lè máa gbá a kiri. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣí sílẹ̀ níbi gbogbo, bí afẹ́fẹ́ bá sì le, ìdajì iná yín lè máa mú ilẹ̀ gbóná lásán. Ní oṣù Kejìlá tí mo kọ́kọ́ lò ó, igi tí mo jó yà mí lẹ́nu.

Àmọ́ àléébù tó ṣeé tún ṣe ni. Mo fi bíríkì amọ̀ sísun yí i ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, ó ga dé abẹ́ òrùka, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀ fún igi. Láti ìgbà náà, ìdì igi tí mo ń jó fún ìkòkò ìrẹsì kan kò ju ti alápòótí lọ. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, yóò là. Ẹ má lo òkúta tí ẹ kó látinú odò, omi inú rẹ̀ lè mú kí ó bú gbàmù nínú iná. Ẹ má sì fi páànù ṣe ìdènà. Zinc tí wọ́n fi bo páànù ń yọ́ ní nǹkan bíi 420 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí iná bá sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń di èéfín tó lè dá ibà sára ẹni tó bá fà á símú.

Igi fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì ju àdògán lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Omi inú igi tútù lè tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi iná gbẹ gbogbo omi yẹn kí ìkòkò tó rí tirẹ̀ gbà. Ayín gbígbẹ ni mo máa ń wá, torí ó le, ẹ̀yin iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Mẹ̀línà ń yá gbiná, ó sì ń yá kú, ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògùṣọ̀. Ẹ la igi kí ẹ tó tò ó, kí ẹ tò ó síbi tí òjò kò ti ní bá a.

Òjò

Ààrò amọ̀ kò lè gbé láìsí òrùlé. Ìyá mi ní òrùlé lórí tirẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ìgbà òjò ni wọ́n ń rẹ́ ẹ. Wọ́n á po ilẹ̀pa pupa, wọ́n á kó o sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọnú ibi tó ti là, òórùn amọ̀ tútù lórí ààrò gbígbóná á sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní ẹni tí yóò máa rẹ́ ẹ, ẹ má tan ara yín.

Alápòótí tèmi, lẹ́yìn tí mo tún ẹsẹ̀ rẹ̀ jó, ìgbà òjò kejì ló lu ihò sí ìdí. Mo lè rí ilẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo máa ń fi àkísà aṣọ tí mo rì sínú òróró àjẹkù pa á lára nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, mo sì ń dojú rẹ̀ dé. Ìyẹn náà ni ìtọ́jú rẹ̀.

Èéfín

Kò sí èyí tó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tòun kì í rú. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èéfín ìdáná inú ilé fa ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn. N'Íbàdàn níbí, wọ́n ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn aboyún 324, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní sítóòfù tó ń lo ethanol dípò igi àti kẹrosíìnì, ìfúnpá àwọn yẹn sì dára ju ti àwọn tó kù lọ. Ẹ jẹ́ kí ibi ìdáná ṣí ní ẹ̀gbẹ́ méjì ó kéré tán. Bí òjò bá dé, ẹ dúró kó dá. Ẹ má gbé àdògán wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aboyún àti ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ rárá. Alápòótí tuntun tún ní ti ọ̀dà: ẹ dá iná òfìfo sínú rẹ̀ títí ọ̀dà náà yóò fi jó tán kí ẹ tó gbé oúnjẹ kà á.

Àwọn yòókù

Gbígbé: alápòótí fúyẹ́, obìnrin kan lè gbé e wọ mọ́tò; ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gba èèyàn méjì; ààrò amọ̀ kò lọ síbì kankan. Fífọ́ igi: alápòótí nìkan ló ń béèrè igi kúkúrú. Èyí tí wọ́n fi rímù mọ́tò ṣe, ó dára fún ìkòkò ọbẹ̀ ilé, kò gba ju bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ilé bá jẹ́ tiyín, tí òrùlé wà lẹ́yìnkùlé, tí àgbà kan sì wà nílé tó mọ amọ̀ í pò, ààrò amọ̀ yóò ṣe yín lóore, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, tí ẹ kàn fẹ́ máa se ẹ̀wà àti ìrẹsì ìdílé, alápòótí yóò tó yín, bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n jó ẹsẹ̀ rẹ̀ yíká, tí irin rẹ̀ dún bí agogo, tí ilẹ̀ yín tẹ́jú, tí ẹ kò sì ní í ro nǹkankan lórí rẹ̀. Mo ti wá irú rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi méjì. Ẹyọ kan ni mo rí.

Bí ẹ bá fẹ́ ro àmàlà, tàbí kí ẹ yan gàrí, tàbí kí ẹ gbé ìkòkò tí ẹ̀yin nìkan kò lè sọ̀ kaná, ẹ wá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ kò bá rí àlòkù, ẹ lọ bá wẹ́dà kí ó ṣe é: rọ́ọ̀dù 25 mm ni kí ó fi ṣe òrùka, kí ó fi ṣe ẹsẹ̀, kí òrùka náà fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹsẹ̀ ṣí síta díẹ̀ nísàlẹ̀ ju bí wọ́n ti wà lókè. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń jó o. Yóò sọ fún yín pé 12 mm náà tó. Ẹ má gbà.

Ọmọbìnrin tí òróró ta sí lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ alásè tirẹ̀ l'Óṣogbo báyìí. Nígbà tó fẹ́ dá dúró, ó ní kí n bá òun wá àdògán. Oṣù márùn-ún ni mo fi wá a kí n tó rí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan níbi irin àlòkù. N kò tíì sọ nǹkankan tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dojú rẹ̀ dé, ó wo ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó tú owó.